Kí A Tó Dá Mọ́tò Lẹ́bi

Ẹ́ńjìnì ti ń kùn. Wọ́n ti ká àga tí wọ́n tẹ́ síta, wọ́n ti yọ rọ́bà omi àti wáyà iná kúrò lára òpó, ajá ti wọlé, ìyàwó ti jókòó síwájú. Ó ku kí bàbá tẹ súwíìṣì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, kí yàrá tó yọ síta wọlé padà sára ọkọ̀-ilé wọn, kí wọ́n máa bá tiwọn lọ. Ó tẹ̀ ẹ́. Yàrá náà sún díẹ̀, apá iwájú ṣáájú, apá ẹ̀yìn kọ̀, nǹkan kan dún gbàù, gbogbo rẹ̀ sì dákẹ́. Ó tún un tẹ̀. Kò dún mọ́. Wọn kò lè gbé ọkọ̀ sójú pópó báyìí, nítorí yàrá kan tó yọ ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta yóò gbá òpó, yóò gbá igi, yóò gbá ọkọ̀ ẹlòmíràn.

Ní Quartzsite, ìlú kékeré kan nínú aginjù Arizona tí àwọn ọlọ́kọ̀-ilé, ìyẹn àwọn tó ń gbé inú ọkọ̀ rìnrìn àjò, máa ń wọ́ lọ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún nígbà òtútù, àwọn mekáníìkì tó ń fi ọkọ̀ akẹ́rù kó irinṣẹ́ kiri mọ ẹjọ́ yìí dunjú. Ohun tí ọlọ́kọ̀ máa ń sọ fún wọn lórí fóònù kì í sábà yàtọ̀: “Mọ́tò ti kú. Ẹ bá mi mú tuntun bọ̀.” Mo ti dúró ti àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí, mo sì ti rí bí owó ṣe ń ṣòfò lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí. Mọ́tò, ìyẹn ẹ̀rọ iná tó ń ti yàrá náà, ni gbogbo ènìyàn ń kọ́kọ́ fẹ̀sùn kàn. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ẹ̀bi wà lọ́dọ̀ bátìrì, tàbí lọ́dọ̀ wáyà, tàbí lára yàrá fúnra rẹ̀ tó ti wọ́. Wọ́n á ra mọ́tò tuntun, wọ́n á dè é mọ́ àìsàn àtijọ́, òun náà á sì kú.

Òfin ojú pópó Amẹ́ríkà ló bí irú yàrá yìí. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, ọkọ̀ kò gbọdọ̀ fẹ̀ ju ínṣì 102 lọ, ìyẹn mítà méjì àbọ̀ ó lé díẹ̀. Ọkọ̀-ilé lè gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 45, ṣùgbọ́n fífẹ̀ rẹ̀ ní ààlà. Bí ènìyàn méjì bá pàdé láàárín rẹ̀, ọ̀kan ní láti fẹ̀yìn ti kọ́bọ́ọ̀dù kí èkejì tó ráyè kọjá. Ní nǹkan bí 1990 ni ilé iṣẹ́ Newmar, tó wà ní Nappanee ní ìpínlẹ̀ Indiana, gbé ọgbọ́n kan wọ ọjà: wọ́n gé ara ọkọ̀, wọ́n kan àpótí ńlá kan sí ojú ibi tí wọ́n gé, àpótí náà á wọlé nígbà ìrìn, á yọ síta nígbà ìsinmi, bíi dúrọ́ọ̀ tábìlì. Síláìdì ni wọ́n ń pè é. Àga ìjókòó, bẹ́ẹ̀dì, fíríìjì, nígbà mìíràn ibi ìdáná pàápàá, gbogbo rẹ̀ ló ń bá àpótí náà wọlé tó sì ń bá a jáde. Kò pẹ́ tí àwọn ilé iṣẹ́ yòókù fi tẹ̀ lé wọn. Lónìí, àwọn ọkọ̀ ńlá kan ní síláìdì mẹ́rin.

Agbègbè Nappanee àti Elkhart yẹn náà ni wọ́n ti ń kan èyí tó pọ̀ jù nínú ọkọ̀-ilé Amẹ́ríkà títí di òní. Ó máa ń wú mi lórí pé púpọ̀ nínú àwọn tó ń kan àpótí wọ̀nyí, tó ń fi wọ́n sára ọkọ̀, jẹ́ àwọn Amish, ìjọ Kristẹni kan tí wọn kì í fa iná ìlú wọ ilé tiwọn. Wọ́n mọ iṣẹ́ igi dunjú. Àpótí tí wọ́n kàn dáadáa kì í jò fún ọ̀pọ̀ ọdún. Wàhálà sábà máa ń wá láti ara ohun tí ń tì í.

Ohun tí ń tì í kò sì jẹ́ ọ̀kan. Ọkọ̀ ńlá olówó gọbọi lè lo háídírọ́líìkì: pọ́ǹpù kan máa ń ti epo sínú sìlíńdà, sìlíńdà á sì ti àpótí. Agbára rẹ̀ pọ̀, ó lè gbé yàrá tó wúwo gan-an, ṣùgbọ́n bí pọ́ǹpù kan náà bá kọṣẹ́, gbogbo síláìdì tó gbẹ́kẹ̀ lé e á dúró. Òmíràn ń lo okùn irin àti ṣéènì tí mọ́tò kan ń fà láti òkè. Irú èyí tí Norco ń ṣe ní Elkhart wà lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀. Òmíràn ní irin gígùn méjì tó la abẹ́ ọkọ̀ kọjá, eyín wà lára irin náà, mọ́tò kan yóò yí gíà, gíà yóò sì máa jẹ eyín wọ̀nyí lọ. Èyí tó gbayì jù lára ọkọ̀ fífúyẹ́ ayé òde òní ni èyí tí wọ́n ń pè ní Schwintek. Ilé iṣẹ́ Lippert ra ọgbọ́n yìí ní 2010, ó sì tàn ká bí wọ́n ṣe ń wá ọ̀nà láti dín ìwúwo ọkọ̀ kù. Níbi tirẹ̀, mọ́tò méjì ló ń ṣiṣẹ́, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, inú òpó alumíníọ́mù tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò ara ọkọ̀ ni wọ́n sì fi wọ́n pamọ́ sí. Mo ń rántí àwọn mekáníìkì tó ń ráhùn nípa Schwintek. Mo ń rántí àwọn mìíràn tó sọ pé kò sí ohun tó ṣe é bí ọlọ́kọ̀ bá mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Àwọn ìkejì yìí ni mo fara mọ́.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ níbi tó yẹ kí gbogbo àyẹ̀wò ti bẹ̀rẹ̀, ìyẹn bátìrì. Fọ́ọ̀tì 12 ni àwọn mọ́tò wọ̀nyí ń jẹ. Bátìrì olómi tó kún máa ń fi bíi 12.6 hàn lórí mítà nígbà tí kò sí iṣẹ́ kankan níwájú rẹ̀. Bí ó bá ti wà ní 12.1, ìdajì agbára rẹ̀ ti lọ. Ìyàtọ̀ yẹn kéré lójú, ṣùgbọ́n nígbà tí mọ́tò bá fẹ́ ti àpótí tó wúwo tó kílò 500, tó kún fún àga àti fíríìjì, yóò fa iná tó pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, bátìrì tó ti rẹ̀ yóò sì rì síwájú sí i. Mọ́tò tí oúnjẹ rẹ̀ kò tó kì í kú lójú ẹsẹ̀. Á máa yí wọ́ọ́rọ́wọ́, á máa gbóná, á sì máa sun ara rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí fi ń sọ pé kí ẹ́ńjìnì ọkọ̀ máa ṣiṣẹ́, tàbí kí ọkọ̀ wà lórí iná ìlú, kí ènìyàn tó tẹ súwíìṣì síláìdì.

Bátìrì lè kún kí iná má sì dé ọ̀dọ̀ mọ́tò. Àyẹ̀wò kan wà tí ó rọrùn tí ó yẹ kí gbogbo ọlọ́kọ̀ mọ̀. Fi mítà sórí bátìrì, kí ẹnìkejì tẹ súwíìṣì, kí o kà á. Lẹ́yìn náà, gbé mítà náà lọ sí ẹnu wáyà tó wọ inú mọ́tò, kí ẹnìkejì tún tẹ súwíìṣì, kí o tún kà á. Bí o bá rí 12.5 lọ́hùn-ún, tí o wá rí 9 níbí, fọ́ọ̀tì mẹ́ta àti ààbọ̀ ti sọnù sójú ọ̀nà, kò sì sí mọ́tò tuntun tó lè dá a padà. Ẹ̀bi náà lè wà nínú fíùsì tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti dúdú, nínú súwíìṣì tí inú rẹ̀ ti jóná, nínú ibi tí wọ́n ti so wáyà méjì pọ̀ láìfi iná lẹ̀ wọ́n. Nígbà púpọ̀ jù lọ, yóò wà lára bóòtù tí wọ́n fi so wáyà dúdú mọ́ irin abẹ́ ọkọ̀. Ní àríwá Amẹ́ríkà, wọ́n máa ń da iyọ̀ sójú títì nígbà yìnyín, iyọ̀ yẹn á bá táyà ta sábẹ́ ọkọ̀, á sì jẹ bóòtù náà. Ìpáàrà tó bá wà lábẹ́ orí bóòtù kò ṣeé rí títí wọ́n á fi tú u. Ìwé yanrìn tí owó rẹ̀ kò tó dọ́là méjì ni wọ́n fi ń ha á mọ́. Mo ti rí síláìdì tí wọ́n ti kọ ìwé mọ́tò tuntun fún, tó sì wọlé dáadáa nígbà tí wọ́n ha bóòtù kan.

Lẹ́yìn iná, ohun tó so mọ́tò mọ́ iṣẹ́ rẹ̀ ló kàn. Lára síláìdì tí irin rẹ̀ la abẹ́ ọkọ̀ kọjá, àwọn kan ní bóòtù kékeré kan láàárín ìdí mọ́tò àti ọ̀pá tó ń yí gíà. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe bóòtù yìí kó rọ̀, kí ó lè já nígbà tí àpótí bá há, kí eyín gíà má baà ṣẹ́. Nítorí náà, bí o bá tẹ súwíìṣì tí o gbọ́ tí mọ́tò ń yí kíkankíkan tí àpótí kò sì mira, inú rẹ yẹ kó dùn díẹ̀: mọ́tò yè. Bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, lo tọ́ọ̀ṣì, kí o wo bóyá bóòtù yẹn já. Ṣùgbọ́n má ṣe fi bóòtù líle rọ́pò rẹ̀ pẹ̀lú èrò pé kò ní já mọ́. Ó ní láti já nígbà tó bá yẹ. Lẹ́yìn tí o bá fi irú rẹ̀ gan-an sí i, wá ohun tó dí àpótí náà lọ́nà. Ó lè jẹ́ àga awakọ̀ tí wọ́n tì sẹ́yìn jù, tí àpótí gbá nígbà tó ń wọlé. Àṣìṣe yìí wọ́pọ̀ gan-an. Ó lè jẹ́ ẹ̀ka igi tó há sókè, rọ́bà ẹ̀gbẹ́ tó lẹ̀ mọ́ ara ọkọ̀ nígbà ooru, yìnyín tó dì sórí òrùlé àpótí, bàtà ọmọdé tó yọ́ wọ abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì.

Schwintek ni ó gba àlàyé jù, nítorí pé mọ́tò rẹ̀ méjèèjì kò ní irin kan tó so wọ́n pọ̀. Wáyà ló so wọ́n pọ̀. Nínú ìdí mọ́tò kọ̀ọ̀kan ni sẹ́ńsọ̀ kan wà tó ń jẹ́ orúkọ Edwin Hall, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà tó ṣàwárí ní 1879 ìbáṣepọ̀ iná àti òòfà tí sẹ́ńsọ̀ náà gbára lé. Bí mọ́tò bá ti ń yí, òòfà kékeré kan ń kọjá níwájú sẹ́ńsọ̀, sẹ́ńsọ̀ á sì máa ta pẹ́ẹ́, pẹ́ẹ́, pẹ́ẹ́ sí àpótí ọpọlọ tó ń darí wọn. Ọpọlọ yìí ń ka ìró ti iwájú, ó ń ka ti ẹ̀yìn, bí ọ̀kan bá ti ń ṣáájú, á dín iná rẹ̀ kù kí èkejì lè bá a. Bí ìyàtọ̀ bá pọ̀ jù, tàbí tí mọ́tò kan bá ń fa iná ju ààlà lọ, á gbà pé nǹkan ti há, á sì pa gbogbo rẹ̀. Wáyà mẹ́fà ló wọ mọ́tò kọ̀ọ̀kan: méjì tó nípọn fún agbára, mẹ́rin tó tín-ín-rín fún sẹ́ńsọ̀. Bí ọ̀kan nínú àwọn tín-ín-rín yìí bá já, mọ́tò tó le koko yóò dúró bí òkú. Ènìyàn á sì ra òmíràn lásán.

Ọpọlọ náà ń sọ ohun tó ń ṣe é fún ẹni tó bá mọ bó ṣe ń sọ̀rọ̀. Iná kékeré méjì wà lójú rẹ̀. Aláwọ̀ ewé ń sọ mọ́tò tí ọ̀rọ̀ kàn, pupa ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Bí pupa bá tàn tó pa nígbà mẹ́ta, bátìrì ti rẹ̀. Nígbà márùn-ún, mọ́tò fa iná ju ààlà. Nígbà mẹ́jọ, ìròyìn sẹ́ńsọ̀ kò dé. Lórí nọ́ńbà mẹ́jọ yìí ni mo ti rí i tí wọ́n sọ mọ́tò rere nù, bẹ́ẹ̀ àyẹ̀wò rẹ̀ kò gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Lọ sí ẹ̀yìn ọpọlọ náà, kí o yọ orí wáyà mọ́tò méjèèjì, kí o pààrọ̀ ibi tí wọ́n wọ̀. Tẹ súwíìṣì fún ìṣẹ́jú-àáyá kan péré, kí àpótí má baà wọ́. Bí iná aláwọ̀ ewé bá wá ń dárúkọ mọ́tò kejì, ẹ̀sùn náà ti bá wáyà lọ, àìsàn wà lára mọ́tò tàbí lójú ọ̀nà tó lọ sọ́dọ̀ rẹ̀. Bí ó bá ṣì ń dárúkọ ti àkọ́kọ́, ọpọlọ fúnra rẹ̀ ló ń ṣàìsàn. Èyí ni ẹ̀rí tí mo fẹ́ kí ọlọ́kọ̀ béèrè lọ́wọ́ mekáníìkì kí ó tó san owó: báwo lo ṣe mọ̀ pé mọ́tò ni?

Mọ́tò máa ń kú lóòótọ́, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé mo ní kì í kú. Mo bá ọ̀kan nínú àwọn mekáníìkì alákiri jókòó nígbà tó ń tú ọ̀kan tó kú. Ó kọ́kọ́ fa rọ́bà ẹ̀gbẹ́ kúrò lójú òpó alumíníọ́mù, ó tú súkúrúù kan péré tó di mọ́tò mú lókè, ó fà á sókè díẹ̀díẹ̀ títí ìdí rẹ̀ fi yọ kúrò lórí ọ̀pá tó ń yí. Ìdí rẹ̀ rin fún omi. Rọ́bà òkè ti ya láti ìgbà pípẹ́, òjò ń gba ibẹ̀ wọ inú òpó, mọ́tò sì dúró sínú omi náà láti àsìkò dé àsìkò. Ó ṣí ẹ̀yìn rẹ̀. Kábọ̀n méjì tó yẹ kó máa fara kan bàbà ti jẹ tán, ìkan ti kúrú débi pé sípírìn-ìn tó ń tì í ló ń ha bàbà. Ìyẹ̀fun dúdú ti kún inú rẹ̀, ó ti pò pọ̀ mọ́ omi, ó di ẹrẹ̀. Ó fi ìka nù ún, ó fi hàn mí, kò sọ̀rọ̀ kankan. Lẹ́yìn náà, ó fi rọ́bà tuntun sójú òpó náà kí ó tó gbé mọ́tò tuntun wọlé. Ọ̀gá ni.

Ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ yẹn kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tó bá ti jókòó sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀wáyà ní Ládípò, ní Mushin. Mọ́tò wáípà, mọ́tò fèrèsé ọkọ̀, mọ́tò síláìdì, ìran kan náà ni wọ́n: òòfà lẹ́gbẹ̀ẹ́, bàbà láàárín, kábọ̀n méjì tó ń gbé iná wọlé. Ní Ládípò, kábọ̀n ni wọ́n ń pààrọ̀, wọ́n á fi ìwé yanrìn nu bàbà, wọ́n á fi gíríìsì tuntun sí gíà, mọ́tò á sì padà sẹ́nu iṣẹ́. Ní Amẹ́ríkà, owó wákàtí kan lọ́wọ́ mekáníìkì lè ju ọgọ́rùn-ún dọ́là lọ, nítorí náà ó sàn lójú wọn láti ju ti àtijọ́ nù kí wọ́n gbé tuntun wọlé. Ìṣirò yẹn yé mi. Ṣùgbọ́n lára ọkọ̀ tó ti pé ogún ọdún, tí ilé iṣẹ́ kò ṣe irú mọ́tò rẹ̀ mọ́, ọgbọ́n Ládípò ló kù. Ẹni tó bá ní irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ sọ mọ́tò àtijọ́ nù rárá, kódà bó jẹ́ pé ó ti rí tuntun rà. Gíà rẹ̀, ìdí rẹ̀, ọ̀pá rẹ̀ á wúlò.

Bí tuntun bá sì ni a óò fi sí i, ohun méjì ló ṣe pàtàkì jù. Èkíní ni ìṣirò gíà. Mọ́tò Schwintek wà tó jẹ́ pé ó ń yí ní ìgbà 300 nínú kí ọ̀pá rẹ̀ tó yí lẹ́ẹ̀kan, òmíràn ń yí ní ìgbà 500. Ojú wọn jọra. Bí wọ́n bá fi ọ̀kan síwájú, tí wọ́n fi èkejì sẹ́yìn, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kò ní rìn dọ́gba mọ́, ọpọlọ á sì máa pa wọ́n lójoojúmọ́. Ẹ ka ohun tí wọ́n tẹ̀ sára mọ́tò àtijọ́, ẹ ya fọ́tò rẹ̀, kí ẹ tó ra òmíràn. Èkejì ni ìwọ̀n àpótí fúnra rẹ̀. Nínú òpó kọ̀ọ̀kan, gíà kan wà lókè, ọ̀kan wà nísàlẹ̀, ọ̀pá kan ló so wọ́n pọ̀. Bí ti òkè bá fi eyín kan ṣoṣo ṣáájú ti ìsàlẹ̀, àpótí á máa wọ́, mọ́tò tuntun á máa tì í pẹ̀lú ipá tí kò yẹ, ó sì lè má lò tó ọdún kan. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ẹ wọn òkè àti ìsàlẹ̀, iwájú àti ẹ̀yìn, láti etí àpótí dé ara ọkọ̀, kí ẹ tó dé súkúrúù ìkẹyìn.

Nígbà tí ohun gbogbo bá dọ́gba, ẹ tì í jáde tán pátápátá, kí ẹ má sì yọ ọwọ́ lórí súwíìṣì nígbà tó bá dúró. Ẹ dì í mú fún ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta sí márùn-ún sí i. Lásìkò yẹn ni ọpọlọ ń gbà pé méjèèjì ti dé ìpẹ̀kun, tó ń tún kíkà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọlọ́kọ̀ kì í dúró, wọn á yọ ọwọ́ nígbà tí yàrá ti fẹ́ẹ̀ dé òpin, wọ́n á dá a dúró láàárín, wọ́n á tún tì í díẹ̀. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, iwájú àti ẹ̀yìn ti pínyà, wọ́n á sì ní mọ́tò kú. Ìkìlọ̀ kan tún wà nípa gíríìsì: ọmọ Nàìjíríà tó wà nínú wa máa ń fẹ́ kun gbogbo ohun tó bá ń ṣiṣẹ́. Ẹ má ṣe kun eyín Schwintek. Eruku aginjù á lẹ̀ mọ́ ọn, á sì di yanrìn tó ń jẹ alumíníọ́mù. Sílíkónì gbígbẹ tó ń gbẹ lójú ẹsẹ̀ ni wọ́n ń fọ́n sí i, bí ó bá tilẹ̀ nílò rẹ̀.

Báwo wá ni bàbá tí a bá ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí, tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ ti gbóná, ṣe máa dé ilé? Ọpọlọ Schwintek ní ọ̀nà àbùjá kan. Bọ́tìnnì kékeré kan wà lójú rẹ̀. Tẹ̀ ẹ́ ní ìgbà mẹ́fà kíákíá, tẹ̀ ẹ́ ní ẹlẹ́ẹ̀keje kí o sì dì í mú títí iná méjèèjì á fi máa tàn tí wọ́n á máa pa. Nígbà yìí, ọpọlọ kò ní bìkítà fún àwọn ẹ̀sùn rẹ̀ mọ́, á ti àpótí wọlé bí o bá tẹ súwíìṣì. Ó wà fún ọjọ́ ìdààmú nìkan, nítorí pé kò ka ìró mọ́, ó sì lè ti apá kan ju èkejì lọ. Kí ẹnìkan dúró níta, kí ó máa wo ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kí ó ké bí ó bá ti ń wọ́.

Bí ìyẹn kò bá ṣiṣẹ́, ọwọ́ ló kù. Wọ́n á fa mọ́tò méjèèjì sókè díẹ̀ nínú òpó, kí ìdí wọn má fara kan ọ̀pá, wọ́n á fi wáyà líle tàbí hángà aṣọ so wọ́n mọ́bẹ̀ kí wọ́n má baà jábọ̀ padà, ènìyàn mẹ́rin tàbí mẹ́fà á sì pín ara wọn sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Wọ́n á tì í pa pọ̀, díẹ̀díẹ̀. Mọ́tò kan ṣoṣo ni síláìdì abẹ́ ọkọ̀ ní, ojú orí rẹ̀ wà níta tí ènìyàn lè fi sípánà yí lọ́wọ́; lára àwọn kan, ìjánu kékeré kan wà lẹ́yìn mọ́tò tí a gbọ́dọ̀ tú kí ó tó yí, kí a sì dì í padà kí ọkọ̀ tó rìn. Lára háídírọ́líìkì ti Lippert, wọ́n lè fi dírílì alábàtìrì yí ìdí pọ́ǹpù. Àmọ́ o, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi wáyà tó ti ara bátìrì wá fún mọ́tò Schwintek kan ṣoṣo ní iná tààrà. Apá kan á wọlé, apá kejì á dúró, àpótí á sì ṣẹ́ nígun. Kí ẹnikẹ́ni má sì dùbúlẹ̀ sáàárín àpótí àti ara ọkọ̀, nítorí àpótí tí kò sí mọ́tò tó dì í mú lè yọ́ fúnra rẹ̀ bí ọkọ̀ kò bá dúró lórí ilẹ̀ títẹ́jú. Lẹ́yìn tó bá ti wọlé, ẹ fi igi dá a dúró láàárín ọkọ̀ kí ó má baà jáde lójú ọ̀nà.

Ní 2021, ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà kó ọkọ̀-ilé 600,240 jáde, iye tó ga jù lọ nínú ìtàn wọn, gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ wọ̀nyí ṣe sọ. Àrùn Kòrónà ló fà á: àwọn ènìyàn kò fẹ́ wọ bàálù, wọn kò fẹ́ sùn ní òtẹ́ẹ̀lì. Àwọn tó mọ bí wọ́n ṣe ń tún wọn ṣe kò pọ̀ sí i lọ́nà bẹ́ẹ̀. Ènìyàn lè gbé ọkọ̀ wọ ṣọ́ọ̀bù ilé ìtajà kí ó sì dúró fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án, bẹ́ẹ̀ ilé àwọn mìíràn ni ọkọ̀ náà, wọn kò ní ibòmíràn tí wọ́n lè sùn. Ìdí nìyẹn tí àwọn mekáníìkì alákiri fi wúlò. Ilé ẹ̀kọ́ wà fún iṣẹ́ náà: ọ̀kan wà ní Elkhart, òmíràn wà ní Athens ní Texas, tí kò jìnnà púpọ̀ sí Dallas níbi tí àwọn ọmọ Yorùbá pọ̀ sí. Mo ti ń sọ fún àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tó kọ́ iṣẹ́ rẹ̀wáyà nílé kí wọ́n tó wá sí Amẹ́ríkà pé kí wọ́n lọ wo ibẹ̀. Àpò mítà, sípánà mélòó kan, ọkọ̀ akẹ́rù kan àti etí tó lè dá ohùn mọ́tò mọ̀, iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ohun tó ń dùn mí jù ni bí àwọn tó ń kan ọkọ̀ ṣe ń fi àwọn ohun wọ̀nyí pamọ́. Mo ti rí ọpọlọ síláìdì tí wọ́n kàn mọ́ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, tí bẹ́ẹ̀dì náà kò sì ṣeé gbé nígbà tí yàrá bá wà nínú. Mo ti rí mọ́tò tí kọ́bọ́ọ̀dù bo, tí wọ́n ní láti fi ayùn gé igi rẹ̀ kí wọ́n tó rí súkúrúù kan. Ìwé tí wọ́n fún ọlọ́kọ̀ kò sọ̀rọ̀ nípa ibi tí wọ́n wà. Ihò kékeré kan tó ní ìdérí, tí ọwọ́ lè wọ̀, kì bá ti fi nǹkan kan kún owó ọkọ̀ tó ń lọ sí ọgọ́rùn-ún ẹgbẹ̀rún dọ́là.

Ẹni tó bá fẹ́ ra ọkọ̀-ilé, yálà tuntun tàbí àlòkù, kó má tíì fọwọ́ síwèé títí alágbàtà á fi mú un lọ sí ẹ̀gbẹ́ síláìdì kọ̀ọ̀kan, tí á fi mọ́tò hàn án, tí á fi ọpọlọ rẹ̀ hàn án, tí á sì ti yàrá náà wọlé níwájú rẹ̀ láìlo súwíìṣì. Kó kọ nọ́ńbà ara mọ́tò sínú ìwé. Bí alágbàtà náà bá ní kò sí ẹni tó mọ ibi tí mọ́tò wà níbẹ̀, kí ó dá owó rẹ̀ dúró títí wọ́n á fi pe ẹni tó mọ̀ ọ́n.